Ilé Tí Mo Yí Sí Gábásì

Ó ti rẹ̀ mí. Orúnkún ọ̀tún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún ló rẹ̀ mí jù. Ẹnu mi ló rẹ̀ mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi ẹnu yìí pa ìtàn fún àwọn ọmọ yunifásítì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń pè mí ní Bàbá Onírọ́, tí èmi náà ń jẹ́ ẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú irọ́ yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀kan ló pa èèyàn lára. Òun ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí mo ti sọ ọ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà débi pé, tí mi ò bá tètè kọ ọ́, èmi fúnra mi lè gbà á gbọ́.

Ẹ má retí ìwé ńlá lọ́wọ́ mi. Ilé kéwú ni mo kọ́kọ́ lọ, mo ka wàláà títí ọwọ́ mi fi dúdú. Lẹ́yìn náà mo ṣe ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé kíláàsì kẹrin, kí bàbá mi tó fà mí lé bíríkìlà kan lọ́wọ́ nínú ìgboro Ìlọrin àtijọ́. Okùn àti bùlọ́ọ̀kù ni ìwé tèmi. Mo di fọmáànù, mo kọ́ ilé tí mi ò lè kà tán mọ́. Nígbà tí ẹ̀yìn mi ò gba iṣẹ́ mọ́, onílé kan tó ń gbé ní GRA fi mí ṣọ́ ilé tó kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke: yàrá méjìlá, tánkì omi kan, àti bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ọ̀nà tó jẹ́ tèmi. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti ń pa ìtàn.

Ilé kan wà nínú ọgbà yunifásítì tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Wọ́n kọ́ ọ fún ìwádìí ìjìnlẹ̀: òkè ni láábù wà, ìsàlẹ̀ ni yàrá ìkàwé. Ilé náà gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ti rí alángbá tó gun ògiri rẹ̀ ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kó tó dé òrùlé ó ti gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá sórí páànù. Ó dáa, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbóná tó nìyẹn.

Tí àwọn ọmọ bá bi mí pé kí ló dé, màá ní àwọn àlùjọ̀nnú ló ní ilé ìdáná lábẹ́ rẹ̀. Màá ní nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, a gbọ́ tí wọ́n ń gún ata nísàlẹ̀, ni ọ̀kan nínú wọn bá yọrí síta, onírùngbọ̀n, ó kí wa dáadáa, ó ní ká yá òun ní iyọ̀ díẹ̀. Mo yá a. Kò dá a padà títí dòní. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì. Ìtàn náà rìn débi pé oníkẹ̀kẹ́ kan tí kò mọ̀ mí rí sọ ọ́ fún mi láti Tanke dé géètì, ó sì fi kún un pé bíríkìlà tó yá wọn ní iyọ̀ náà ti kú.

Bíríkìlà náà ò kú. Kò sì sí àlùjọ̀nnú kankan lábẹ́ ilé yẹn. Èmi ni mo yí ilé náà.

Ẹni tó ya pílánù rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ọmọ àwọn oníṣòwò Gàm̀bàrí tó ti di ọmọ Ìlọrin láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀ ni; tó bá ń bínú, ó lè fi Haúsá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó fi Yorùbá parí rẹ̀. Ó máa ń wọ híjáàbù pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Anti Pílánù ni gbogbo wa ń pè é. Inú àwa ọkùnrin kọ́kọ́ ń ru pé ọmọbìnrin ni yóò máa sọ ibi tí a ó gbé bùlọ́ọ̀kù sí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ àgbà.

Lọ́jọ́ kan ó tẹ́ pílánù sórí àpò sìmẹ́ńtì, ó ṣàlàyé ilé náà fún mi bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀. Ó ní òun kó àwọn fèrèsé ńláńlá sí apá àríwá, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé kí oòrùn má bá a wọlé, torí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán ò rí kò fẹ́ ooru. Àti pé iná lè lọ nígbàkigbà, kò yẹ kí ọmọ tó ń kàwé tìtorí ìyẹn dìde. Nítorí náà ògiri gígùn ilé náà gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ní àwọn tábìlì inú rẹ̀ á ṣeé gbé kiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ á sì fẹ̀ tó kí èèyàn lè jókòó síbẹ̀ jiyàn. Mo bi í pé ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì.

“Bàbá,” ó ní, “ìgbà tí ẹnì kan á dúró tí igba èèyàn á máa wo ẹnu rẹ̀ ti ń lọ. Ìdajì ohun tí èmi mọ̀ yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn tá a jọ jáde ní kíláàsì.”

Mo mi orí. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo pè é.

Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ó bímọ kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ìbí náà sì le, wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, ó tún kúrò níbẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ sílé. Àwọn awọnlẹ̀ ti wá ṣáájú pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn, wọ́n ti kan èèkàn mọ́ ibi tí igun ilé yóò wà, wọ́n sì ní kí n fi ẹ̀gún yí wọn ká nítorí màlúù. Mo ní màá ṣe é lọ́la.

Màlúù ò dúró de ọ̀la. Ká ní orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń sọ ọ́, igba màlúù ni ì bá jẹ́, akọ iwájú wọn ì bá sì ga ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Wọn ò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Wọ́n kàn ń kọjá lọ ní tiwọn ni, ẹsẹ̀ wọn kọ́ okùn, wọ́n fa gbogbo èèkàn tu àyàfi ọ̀kan. Nígbà tí mo fi máa dé láàárọ̀, àwọn tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ti jókòó ti ṣọ́bìrì wọn, kọngílá sì ń pariwo pé òun fẹ́ rí kòtò kí oòrùn tó wọ̀. Tí mo bá ránṣẹ́ pe àwọn awọnlẹ̀, ó di ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, gbogbo ayé á sì gbọ́ pé fọmáànù ò lè fi ẹ̀gún yí èèkàn ká.

Mo wò yíká, ojú mi bọ́ sórí sáfù wa, ìlà tí a ti ń kírun. Níbikíbi tí mo bá ti ṣiṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe, kí a tó na okùn kankan, ni pé a ó wá gábásì, ibi tí a ó kọjú sí láti kírun. A ó wá to bùlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ní ìlà kan tí a ó máa dúró sẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìgboro àtijọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́, ìlà yẹn náà ni a fi ń mú igun ilé. Onílé ló máa ń bẹ̀ wá pé ká bá òun jẹ́ kí ilé gún pẹ̀lú gábásì, kí ẹní ìkírun lè lọ gbọọrọ ní pálọ̀, kó má dábùú bí ẹni tí oorun gbé lọ láìròtẹ́lẹ̀. Àìmọye ilé ni mo ti kọ́ báyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì pè mí padà.

Nítorí náà mo dúró sẹ́yìn sáfù, mo kọjú sí gábásì, láti ibi èèkàn kan tó kù sì ni mo ti na okùn ògiri gígùn kó máa lọ síbi tí iwájú mi kọ sí. Mo mọ̀ pé gábásì tiwa kò ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà-oòrùn gan-an, ó yà sí apá àríwá. Lójú mi, ìyàtọ̀ náà ò ju bí èèyàn ṣe ń yí orí lórí ìrọ̀rí lọ. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ní àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí á máa tẹ́ ẹní wọn gbọọrọ, wọn ò sì ní mọ ẹni tó ṣe wọ́n lóore.

Nígbà tí Anti Pílánù padà dé, ògiri ti dé ibi fèrèsé. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti jìn. Ó dúró ní ọ̀kánkán ilé náà, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí ìkejì. Ó wá bi mí pé ṣé orí èèkàn àwọn awọnlẹ̀ ni ilé náà wà. Mo ní orí rẹ̀ gan-an ni. Ó ní Álíhámdùlíláì, ó ní òun rò pé àárẹ̀ ìbímọ ló ń yí òun lójú. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà dé, wọ́n mú ọ̀nà wọn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wa lọ, wọ́n gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ohun gbogbo níbẹ̀ sì wá gún pẹ̀lú ara wọn débi pé kò sẹ́ni tó lè fojú rí i pé gbogbo rẹ̀ ló yí.

Oòrùn nìkan ló rí i. Ní ìgbà ooru tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n ṣí ilé náà, láti ìgbà ìrun Àlàásárì títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń gba àwọn fèrèsé ńlá yẹn wọlé bí àlejò tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Àwọn ẹ̀rọ ń bàjẹ́. Wọ́n lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gíláàsì, wọ́n lẹ páálí, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù wá, iná ń lọ, ẹ̀rọ ń kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìwé wọn, wọ́n lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó ya ilé náà ò mọ bí oòrùn ṣe ń rìn. Ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síta. Mo gbọ́ ọ, mo panu mọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn wá ń bi mí jù ni mo kọ́ ilé ìdáná fún àwọn àlùjọ̀nnú.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò ò sì tíì dé, mọ́tò kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Tanke. Obìnrin tó sọ̀kalẹ̀ ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó wọ awò ojú, ó fi ìwé ńlá kan tó ká bí ẹní há abíyá. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Mo pè é ní Àlàájà, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, Anti Pílánù lòun ṣì ń jẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ó ní yunifásítì fẹ́ kọ́ ilé ìwádìí tuntun, wọ́n ní kí àwọn tó bá fẹ́ ṣe é ya tiwọn wá, òun sì ti ń ya tòun. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ fojú ara òun rí bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń kàwé, òun sì gbọ́ pé èmi ni mò ń ṣọ́ wọn. Mo mú un yí ilé ká. Ọmọ méjì wà lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n na wáyà láàpútọ́ọ̀pù sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó sábẹ́ tánkì omi, ó ní ibẹ̀ nìkan ló tutù. Àwọn márùn-ún ti gba bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ń jà lórí nǹkan kan tí wọ́n yà sórí ilẹ̀ pẹ̀lú igi, mi ò mọ̀ bóyá oògùn ni tàbí ìṣirò. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ nínú ilé tuntun. Kò sẹ́ni tó dárúkọ gíláàsì tó ń dán. Ọ̀kan fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè pariwo láìsí pé ẹnikẹ́ni lé wọn, òmíràn fẹ́ ibi tí kò sẹ́ni tí yóò gbin. Wọ́n fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, àga tó ṣeé fà, omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tó wà lábẹ́ tánkì ní láábù tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn, ẹnu ọ̀nà ni àwọn ti ń wo ohun tí olùkọ́ ń ṣe nínú, torí inú rẹ̀ ò gba èèyàn. Anti Pílánù kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bi wọ́n léèrè bí ọmọdé.

Nígbà tí ó jókòó, tí mo gbé omi fún un, ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kọmití ilé tuntun náà máa jókòó ní ọjọ́ Àlàmísì, nínú ilé àtijọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ti kọ̀wé sí i pé kí àwọn tó ṣí pílánù rẹ̀ tuntun wò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sọ ohun tó fa ooru èyí tó ti yà tẹ́lẹ̀. Tí kò bá lè sọ ọ́, àwọn ò ní ṣí i.

“Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún wọn, Bàbá,” ó ní. “Mo ṣírò oòrùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé e sílẹ̀. Mo tún padà sílé ìwé lọ kọ́ ọ̀rọ̀ oòrùn nítorí rẹ̀. Títí di òní, mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í.”

Ó ní láti ìgbà yẹn, ilé ẹ̀yìnkùlé àti ọgbà ni òun ń yà fún àwọn èèyàn ní GRA àti Ṣàngó. Ìtìjú ò jẹ́ kí òun wọ inú ilé yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Èyí tí òun há abíyá yìí ni ilé ńlá àkọ́kọ́ tí òun tún dágbá lé, bí ó bá sì bọ́, òun ò ní dán an wò mọ́.

Àkókò tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹnu mi tí kì í sinmi, kò là. Ó ní kí n ṣàdúà fún òun. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní Ọlọ́run á fi ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà hàn. Ó ní àmín. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi pa ìtàn. Àwọn ọmọ bi mí pé ṣé ara mi ò yá, mo ní orúnkún ni. Mo ń bá ara mi jiyàn. Mo ní mo ti darúgbó, mo ní ta ni yóò dá òkú lẹ́bi. Mo tún ní mi ò tíì kú. Ní ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn tí mo kírun Àílà lọ́sàn-án, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ.

Yàrá òkè ni wọ́n wà. Páálí ṣì wà lójú fèrèsé, oòrùn sì ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé sórí tábìlì. Àwọn mélòó kan jókòó, ṣùgbọ́n àwọn méjì ló ń sọ̀rọ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà kan tó jẹ́ alága, àti ọ̀gá kan láti ẹ̀ka tó ń rí sí ilé kíkọ́, tó ti gbé yàrá kẹfà lọ́dọ̀ mi nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Anti Pílánù wà lórí ìdúró, ó ń nu ojú. Ó ń sọ fún wọn pé bóyá ìṣirò òun ló ní àṣìṣe.

Mo kí wọn ní sàlámọ̀, mi ò sì dúró kí wọ́n ní kí n wọlé. Mo ní kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò kankan. Mo sọ ti èèkàn, mo sọ ti màlúù, mo sọ ti sáfù. Mo sọ ọ́ láìfi ohunkóhun kún un, bóyá ìdí tí kò fi dùn létí nìyẹn. Ọ̀gá ẹ̀ka ilé kíkọ́ ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó parí.

“Ẹ má dá bàbá yìí lóhùn, Prófẹ́sọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ó ní àlùjọ̀nnú yá iyọ̀ lọ́wọ́ òun. Ó ti wá di màlúù báyìí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alága rọra ní kí n lọ sinmi, ó ní wọ́n dúpẹ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gá yẹn, ó yíjú sí Anti Pílánù, ó bi í pé ṣé ó ní kí n wá bá a jẹ́rìí ni. Irọ́ ogún ọdún tí mo ti pa lórí bẹ́ǹṣì ló kóra jọ sí ọrùn rẹ̀ lójijì: kí n tó dé, aláṣìṣe ni, ní báyìí, wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ di ẹni tó ń bẹ̀wẹ̀ onírọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Alága ń wá bàtà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́nu mi.

“Prófẹ́sọ̀,” mo ní, “ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí lẹ ti ń kírun, àbí? Ẹ bá mi wo bí ẹní yín ṣe wà nílẹ̀. Kí ẹ wá bá mi wo ti ilé kejì.”

A sọ̀kalẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹní wà nílẹ̀ gbọọrọ, etí wọn bá ìlà táìlì mu, wọ́n ń bá ògiri lọ dé òpin. A kọjá sí ilé kejì tí àwọn ẹlòmíì kọ́, èyí tó jìnnà díẹ̀ sí ọ̀nà tiwa. Àwọn ẹní ibẹ̀ dábùú, igun wọn ń gún ògiri, ẹni ìparí ò ríbi fi ẹsẹ̀ sí. Alága dúró láàárín wọn, kò tíì yọ bàtà. Ó ní ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí òun ti ń kírun lọ́hùn-ún tó ń dùn mọ́ òun pé ẹní òun ń lọ gbọọrọ, òun ò bi ara òun rí pé kí ló dé. Ọ̀gá yẹn ti yọ fóònù, ó ṣí èyí tó ń fi àríwá hàn, ó gbé e lé ògiri ilé yìí, ó rìn padà lọ gbé e lé tiwa. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi fóònù náà han alága: ògiri tibẹ̀ gún pẹ̀lú ìlà-oòrùn, tiwa yà sí apá àríwá.

Anti Pílánù ò wo fóònù. Èmi ló ń wò.

“Bàbá, mo bi yín,” ó ní. “Lọ́jọ́ yẹn, mo pọn ọmọ, mo bi yín.”

“Ẹ bi mí.”

“Ẹ ní orí rẹ̀ gan-an ni.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan lédè Haúsá, kò parí rẹ̀ ní Yorùbá. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ dúró sí sáfù àwọn obìnrin. Èmi náà kírun, lẹ́yìn gbogbo wọn, mi ò sì mọ ohun tí mo kà. Nígbà tí a fi sálámà parí ìrun, wọ́n ti gun òkè padà. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n tẹ̀ lé wọn. Mo fẹsẹ̀ rìn dé géètì.

Anti Pílánù ò wá sí Tanke. Mi ò retí rẹ̀. Ọmọ yàrá kẹta ló sọ fún mi, bí oṣù kan lẹ́yìn náà, pé wọ́n ti mú pílánù ẹni tí yóò kọ́ ilé tuntun, obìnrin kan ni, òun náà sì ni wọ́n ní kó tún èyí tó gbóná ṣe. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, wọ́n ti ń mọ àwọn ògiri tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi wọ́n dí ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà, wọ́n sì ti kó àwọn ẹ̀rọ lọ sí apá kejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àlùjọ̀nnú. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n ní ti ìṣáájú dùn ju ìyẹn lọ.

Òjò ti rọ̀ bíi mẹ́ta nígbà tí dẹ́rẹ́bà Anti Pílánù wá gbé mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí, àwọn awọnlẹ̀ méjì dúró ti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ri gbogbo èèkàn. Ó tẹ orúnkún kí mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ pílánù sí orí mọ́tò. Yàrá ńlá wà níbẹ̀ tí wọn á ti máa pariwo, àwọn kéékèèké wà tí wọ́n á ti máa dákẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ̀, láábù ní ògiri gíláàsì kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí ohun tí ọwọ́ olùkọ́ ń ṣe. Láàárín gbogbo ohun tó gún yẹn, yàrá kan ṣoṣo ló yà. Ó ní yàrá ìkírun ni. Ilé á máa bá oòrùn lọ, yàrá yẹn á máa bá gábásì lọ. Ó ní òun lè fi ẹ̀rọ mú un, ṣùgbọ́n kí n wá fi gábásì han àwọn bíríkìlà lójú ilẹ̀, torí àwọn ni yóò kọ́ ọ. Mo fi hàn wọ́n. Ìyẹn ṣì wà lára mi.

Ó wá mú mi lọ sí orí okùn ògiri gígùn.

“Ẹ wò ó, Bàbá. Ṣé ó gún?”

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe bíríkìlà, mi ò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn ìbéèrè yẹn pé rárá, tàbí pé mi ò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún mi dún, mo di ojú kan. Okùn náà lọ díẹ̀, ó sì di èéfín.

“Mi ò rí èèkàn kejì,” mo ní. “Ojú mi ò gbé e mọ́. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ni kí ẹ bi.”

Ó na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde, ó sì yíjú sí àwọn awọnlẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá bùlọ́ọ̀kù kan, mo jókòó lé e, mo dúró dè wọ́n títí wọ́n fi wọ̀n ọ́n tán.